Àjọ Ara: Bí Obìnrin Tí Iṣẹ́ Wọ̀ Lọ́rùn Ṣe Lè Tọ́jú Ara Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti dá àjọ rí mọ̀ pé alájọ kì í dúró de ìgbà tí ọjà bá tà tán. Láàárọ̀, bí a bá ṣe ń ta ọjà àkọ́kọ́ báyìí, alájọ á ti yọjú pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, a ó sì ka owó rẹ̀ fún un kí a tó ra oúnjẹ, kí a tó yọ owó ọkọ̀, kí a tó ronú kan owó ilé ìwé ọmọ. Bí a bá ní kí ó padà wá nírọ̀lẹ́ wá gba ohun tí ó bá ṣẹ́kù, gbogbo wa ni a mọ ohun tí yóò bá nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ara ṣe rí fún àwa obìnrin tí a ń ṣiṣẹ́ oṣù, tí a ń tajà, tí a ń tọ́ ọmọ, tí a ń tọ́jú òbí tí ó ti dàgbà, tí a sì tún jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí. Irọ̀lẹ́ ni a máa ń dá fún ara, irọ̀lẹ́ kì í sì í bá nǹkan kan lápò wa.

Ìbàdàn ni mo ń gbé. Iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe, mo ń ta àǹkárá lẹ́yìn iṣẹ́, ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ìyá ọkọ mi sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, n kò kọ èyí fún ẹni tí ó lè lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì ńlá kí wọ́n máa fi òróró ra á lára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní kọ̀ ọ́ bí ẹnìkan bá fẹ́ sanwó rẹ̀ fún mi. Ẹni tí àkókò àti owó rẹ̀ kò tó ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní iṣẹ́ kì í pani, ayọ̀ ní ń pa èèyàn. Ẹnu mi kò gba kí n bá àgbà jiyàn, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n pa òwe náà a máa sùn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, nítorí kò sí iná mànàmáná tí wọn yóò fi máa lọ aṣọ ilé ìwé ní agogo mọ́kànlá òru.

Ẹ kọ ọjọ́ yín sílẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ ra ìwé pélébé kan, kí ẹ sì máa kọ gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe sí i fún ọjọ́ méje, láti ìgbà tí ẹ bá lajú títí di ìgbà tí ẹ bá padà dùbúlẹ̀. Ẹ kọ agogo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ìgbà tí ẹ jókòó, ohun tí ẹ jẹ, iye ìgbà tí ẹ mu omi, àti iye ìgbà tí ẹ lọ tọ̀, bí ó tilẹ̀ dà bí ohun ẹ̀rín. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ ó rántí rẹ̀ lórí. Alájọ Ṣómólú ni a máa ń sọ pé orí rẹ̀ pé tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ṣi owó ẹnikẹ́ni san. Orí tèmi kò pé tó bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé ti ọ̀pọ̀ nínú yín náà kò pé tó o.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ohun tí mo kọ rèé. Agogo mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo jí. Mo da omi sí garawa, mo gbé ìrẹsì ka iná, mo jí àwọn ọmọ, mo wá ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo po ògì fún Màmá, mo di oúnjẹ ọmọ sínú abọ́ mẹ́ta. Agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a jáde. Agogo méjì ọ̀sán, mo jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀pà nídìí tábìlì iṣẹ́. Agogo mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú lálẹ́, mo ń ká aṣọ. Ohun tí ó bà mí lẹ́rù nínú ìwé náà kì í ṣe pé iṣẹ́ pọ̀, torí mo ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó jẹ́ pé láti ìdájí títí di agogo méjì ọ̀sán, n kò fi omi kan ẹnu, n kò sì yà sí ilé ìtọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí ọjọ́ méje bá pé, ẹ mú bírò pupa, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè ṣe é. Fífún ọmọ lọ́mú wà níbẹ̀. Wíwá ìbọ̀sẹ̀ kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi àmì mìíràn sí iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé bí a kò bá ṣe é rárá, nǹkan kan kò ní bàjẹ́. Tèmi nínú èyí ni lílọ aṣọ àwọ̀sùn àwọn ọmọ, tí n kò lè ṣàlàyé ìdí tí mo fi ń ṣe é títí di òní.

Oorun kọ́kọ́ gba tirẹ̀

Ó kéré tán, wákàtí méje ni àgbàlagbà nílò láti fi sùn lóru. Oorun tí kò tó a máa gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, a máa jẹ́ kí ebi ìpápánu máa pani, a sì máa sọ ìbéèrè ọmọ kékeré di ohun tí a ó fi kígbe mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ jí ní agogo márùn-ún, agogo mẹ́wàá alẹ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ wà lórí ibùsùn. Ẹ ka iye náà láti òwúrọ̀ padà sẹ́yìn, kí ẹ má ṣe kà á láti alẹ́ lọ síwájú, nítorí òwúrọ̀ ni kò ṣeé sún.

Ilé ìdáná ni olè tí ń jí oorun obìnrin ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni mo ti rí tèmi gbà padà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń lọ ata ọ̀sẹ̀ kan pọ̀: tòmátì, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà. Mo máa ń gbé e ka iná láìfi òróró sí i, màá sè é títí omi rẹ̀ yóò fi fà, títí tí yóò fi máa ta púkẹ́púkẹ́ bí ẹ̀kọ. Ìgbà náà ni màá tó da òróró sí i, màá sì dín in títí òróró yóò fi léfòó. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú nìyí, tí ọbẹ̀ wọn fi ń kan ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó bá tutù, màá pín in sínú abọ́ kéékèèké márùn-ún, abọ́ kan fún oúnjẹ alẹ́ kan. Bí iná bá wà, ó di inú fírísà. Bí iná kò bá sí, ẹ má tíì fi ẹran tàbí ẹja sí i, ẹ máa gbé e kaná kí ó hó dáadáa láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ṣíbí tí ó lómi kàn án. Bí òórùn tàbí ìtọ́wò rẹ̀ bá ti yí padà, ẹ dà á nù.

Ẹ̀wà pẹ̀lú ni a lè ṣà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí a kó o sínú ike tí ó ní ìdérí. Aṣọ ilé ìwé ọmọ fún ọjọ́ márààrún ni kí ẹ lọ̀ ní ìjókòó kan, nígbà tí iná bá dé, kí ẹ sì fi kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò. Èyí nìkan ti fún mi ní ogójì ìṣẹ́jú láàárọ̀.

Olè kejì ni fóònù. Ẹ máa gbé e sí pálọ̀ kí ó máa gba iná níbẹ̀ láti agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Àwùjọ WhatsApp ẹbí kò ní tú ká nítorí pé ẹ kò sọ "Àmín" sí àdúrà òru títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tí ó ń tọ́ ọmọ ọwọ́ kò lè rí wákàtí méje sùn pọ̀, n kò sì ní parọ́ fún un. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó sùn nígbà tí ọmọ bá sùn lọ́sàn-án, kí ẹni tí ó wá tọ́jú rẹ̀ kọjú sí abọ́ àti aṣọ dípò kí ó kọjú sí ọmọ tí ó ti sùn.

Oúnjẹ, omi àti ilé ìtọ̀

Ọ̀pọ̀ obìnrin ni kì í ní àwo tirẹ̀ nínú ilé. Wọn a bu oúnjẹ fún gbogbo ará ilé, wọn a wá fi ọwọ́ ha ìsàlẹ̀ ìkòkò lórí ìdúró, tàbí kí wọ́n jẹ àjẹkù ọmọ nítorí kí ó má baà ṣòfò. Nígbà tí ẹ bá ń bu oúnjẹ, ẹ bu tiyín mọ́ ọn, kí ẹ sì jókòó jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó mọ́ mi lára.

Obìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù ń pàdánù ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù, nítorí náà ó nílò oúnjẹ tí ó ní àwọn èròjà tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà: ẹ̀dọ̀, ẹran, ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ugwu. Bí ẹ bá jẹ ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ tẹ̀ lé e, ara yóò rí èròjà ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà náà lò dáadáa. Bí ẹ bá sì mu tíì mọ́ ọn, tíì náà kò ní jẹ́ kí ara gbà á bí ó ti yẹ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wákàtí kan ó kọjá kí ẹ tó po tíì. Bí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí wákàtí, tàbí tí ó ń dì kítí kítí, kì í ṣe bí ó ti ń ṣe gbogbo obìnrin nìyẹn o. Ó lè jẹ́ ìju, dókítà ni ó sì yẹ kí ó wò ó.

Iyọ̀ tí ó yẹ kí àgbàlagbà jẹ láàárín ọjọ́ kan kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 5 lọ, ìyẹn ṣíbí ìmutíì kékeré kan tí a fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀ dọ́gba. Magí wà nínú ìṣirò yìí. Ìndómì wà níbẹ̀, búrẹ́dì àti ẹja oníyọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń fi magí mẹ́fà sí ìkòkò ọbẹ̀ kan, tí ó wá ń fi iyọ̀ tọ́ ọ wò lẹ́yìn náà, ti jẹ ti ọ̀sẹ̀ mìíràn mọ́ tòní. Irú, edé, ata ilẹ̀ àti àlùbọ́sà lè gbé ọbẹ̀ dúró fúnra wọn. Ìyá mi kò fi magí sè ẹ̀gúsí rí, ẹnikẹ́ni kò sì ráhùn.

Ní ti omi, ẹ gbé ìgò omi kan sí ojú ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì rí i pé ó tán kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo mọ̀ pé àwọn tí wọ́n ń tajà lè ní àwọn kì í mu omi nítorí kò sí ilé ìtọ̀ tí ó mọ́ ní ọjà, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n omi àìmu àti ìtọ̀ tí a ń dá dúró fún wákàtí mẹ́fà, méje, a máa jẹ́ kí kòkòrò ráyè nínú àpòòtọ̀, tí ìtọ̀ yóò fi máa tani bí ata. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́wàá ní ìlà ọjà yín, ẹ jọ dá owó fún ẹni tí yóò máa fọ ilé ìtọ̀ kan kí ẹ sì máa ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó fún àǹkárá ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, èyí kò ní pa yín lára.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn

Ní ọjọ́ kan tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin pe àwọn nọ́ọ̀sì wá láti yẹ ara wa wò lọ́fẹ̀ẹ́, abẹ́ àtíbàbà ni mo ti ń bá wọn pín omi. Ẹnìkan ni ó fà mí lápá pé kí èmi náà jókòó. Nọ́ọ̀sì náà so nǹkan mọ́ mi lápá, ó fún un, ó wo iye tí ó gbé jáde, ó sì dákẹ́. Ó tún tú u. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ má pín omi mọ́." Nígbà tí ó tún wọ̀n ọ́n, 158 lórí 100 ni. Mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó so ó mọ́ ara rẹ̀ lápá níṣojú mi, ó sì fi 116 lórí 74 hàn mí. Orí ti ń fọ́ mi fún oṣù bíi mélòó kan, mo sì ti gbà pé garawa omi ni ó fà á. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì kankan hàn, nítorí náà ẹni tí orí kì í fọ́ rárá kò bọ́ níbẹ̀.

Kí ẹ tó wọn ìfúnpá, ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀. Ẹ má ṣe mu kọfí tàbí tíì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ó ṣáájú. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹ tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ láìgbé ọ̀kan lé èkejì, kí ẹ gbé apá lé tábìlì kí ó ṣe déédéé pẹ̀lú àyà, kí ẹ sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan láàárín wọn, kí ẹ kọ iye méjèèjì sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Bí ti òkè bá jẹ́ 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà. Aláboyún tí ó bá rí irú iye bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ kejì. Bákan náà, ẹni tí tirẹ̀ bá dé 180 lórí 120, tí àyà ń dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tí ojú rẹ̀ ń ṣú tàbí tí apá kan ara rẹ̀ ń kú lọ, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ ní wákàtí náà.

Bí dókítà bá fún yín ní oògùn, ẹ má ṣe dá a dúró nítorí pé iye náà ti wálẹ̀. Oògùn náà ni ó mú un wálẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí dókítà mọ gbogbo àgbo tí ẹ ń mu, nítorí inú ara kan náà ni gbogbo wọn ń pàdé sí. Àwọn oògùn ìrora bíi ibuprofen àti diclofenac, tí a ń gbé mì bí ẹni ń jẹ gúgúrú nígbà tí ẹ̀yìn bá ń ro wá, a máa gbé ìfúnpá sókè, wọn a máa da kíndìnrín láàmú, wọn a sì máa dá ọgbẹ́ sí inú, pàápàá bí a bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́.

Ibi tí a ti ń wọn ìfúnpá ni kí ẹ ti béèrè nípa àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ, tí ó yẹ kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kì í pẹ́, jẹjẹrẹ tí a bá sì tètè rí níbẹ̀ ṣeé wò sàn. Àwọn ọmọbìnrin yín tí wọ́n wà láàárín ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní ẹ̀tọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára kan tí ń dènà rẹ̀, èyí tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni. Ní ti ọmú, ẹ máa fi ọwọ́ wò ó ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá parí, nígbà tí kì í le. Bí ẹ bá rí kókó tuntun, kódà tí kò bá dùn yín rárá, ẹ má gbàdúrà lé e lórí láìkọ́kọ́ fi han dókítà. Ẹ ṣe méjèèjì pọ̀.

Ní ti eré ìdárayá, n kò ní gùn ún. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìlera ń béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà, rírìn kánmọ́kánmọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tiyín, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Pípín iṣẹ́ àti bí a ṣe ń sọ pé rárá

Gbogbo ohun tí mo ti sọ ṣáájú yóò wó lulẹ̀ bí iye iṣẹ́ kò bá dín kù. Ibí yìí ni ó ṣòro jù fún mi, nítorí wọ́n ti fi ìyìn dè mí mọ́lẹ̀. Wọ́n ní mo lágbára. Wọ́n ní mo ṣe ọkùnrin, mo ṣe obìnrin. Ẹni tí wọ́n bá ń kì báyìí kò ní lè sọ pé ó ti rẹ òun.

Ẹ má ṣe bá ọkọ yín sọ ọ́ nígbà tí inú bá ń bí yín, tí ẹ ń kó abọ́ pẹ̀lú ariwo. Ẹ dúró de ìrọ̀lẹ́ tí ó ti jẹun tán. Èmi kò ṣàròyé rárá. Mo gbé ìwé pélébé mi lé e lọ́wọ́. Bàbá àwọn ọmọ ka ojú ewé méjì, ó yí i padà, ó tún ka òmíràn, ó ní, "Ṣé ọjọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo èyí?" Ìgbà náà ni mo tó dárúkọ ohun méjì péré tí mo fẹ́: kí ó máa gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, kí ó sì máa lọ ata lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ dárúkọ iṣẹ́ ní pàtó. Bí ẹ bá kàn ní "ẹ máa ràn mí lọ́wọ́," yóò dáhùn pé òun ti ń ṣe é.

Ọmọkùnrin wa tí ó ti pé ọmọ ọdún méjìlá ni ó ń fọ abọ́ alẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Màmá ní, "Ìyàwó wa, ọkùnrin kọ́ ni ẹ fi sídìí abọ́ yìí?" Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó kọ́ ọ. Bí ó bá di èrò ìlú òyìnbó lọ́la, ta ni yóò bá a fọ ọ́ níbẹ̀?" Màmá wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹnu rẹ yìí!" ó sì rẹ́rìn-ín. Mo fún Màmá pàápàá ní iṣẹ́. Òun ni ó ń ṣa ẹ̀wà, tí ó sì ń ja ewé ẹ̀fọ́ lórí àga rẹ̀ níwájú ilé, ó sì máa ń sọ fún àlejò pé bí kì í bá ṣe ti òun, ilé yìí kì bá máa jẹ ẹ̀fọ́. Òótọ́ ni.

Ní ti òde, ẹ kọ́ bí a ṣe ń kọ̀ láìba ẹnikẹ́ni nínú jẹ́. Bí wọ́n bá mú aṣọ ẹbí wá, ẹ sọ pé, "Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi, mo bá yín yọ̀. Agbára mi kò gbé aṣọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n màá wá kí yín láàárọ̀ ọjọ́ náà." Ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ má ṣe to àwíjàre jọ, nítorí àwíjàre kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní ìdáhùn sí: bí ẹ bá ní owó kò sí, wọn á ní kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, bí ẹ bá ní àyè kò sí, wọn á ní kí ẹ kàn yọjú. Ní ibi iṣẹ́, bí ọ̀gá bá tún gbé fáìlì mìíràn wá, ẹ bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ọ̀gá mi, méjì ti wà lọ́wọ́ mi, èwo ni kí n kọ́kọ́ parí?" Òun fúnra rẹ̀ ni yóò yan èyí tí yóò dúró.

Bí ọkàn bá wúwo

Àárẹ̀ wà tí oorun lè mú lọ, òmíràn sì wà tí kò gbọ́ oorun. Bí inú yín bá bàjẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohun tí ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, tí oorun sá tàbí tí ó pọ̀ jù, tí ẹ ń rò pé ẹ kò wúlò, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ó máa ń mú àwọn abiyamọ tuntun gan-an, a sì máa ń pè é ní àìmoore. Bí èrò pé kí ẹ pa ara yín bá wá, ẹ sọ fún ẹnìkan lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ní ọdún 1954 ni dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, ní Abẹ́òkúta, tí àwọn aláìsàn ọpọlọ fi ń gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn Arò ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí mo mú nínú ìtàn yẹn ni pé ẹnìkan láti ilé ń bá aláìsàn lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá nìkan lọ.

Ìdajì wákàtí tí ó jẹ́ tiyín

Lójúmọ́, ẹ mú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni kò ní pè yín. Alẹ́ ni tèmi. Màá bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí garawa, màá ti ìlẹ̀kùn balùwẹ̀, màá fi ọṣẹ dúdú sí kàn-ìn-kàn-ìn, màá sì rọra fi ha ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ láìkánjú. Nígbà tí mo bá jáde, màá fi òrí pa gìgísẹ̀ àti ìgúnpá, níbi tí ó ti máa ń gbẹ. Bí wọ́n bá kan ìlẹ̀kùn, màá dáhùn pé, "Ẹ bi bàbá yín." Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n kan ìlẹ̀kùn náà bí ẹni pé ilé ń jó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ti mọ ibi tí ìbọ̀sẹ̀ wà.

Ẹ wá káàdì àjọ kan, tàbí kí ẹ fa ilà sára páálí kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yàrá: àpótí mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ohun mẹ́ta péré fún oṣù àkọ́kọ́. Mo dábàá oorun, omi àti ìdajì wákàtí. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sàmì sí àpótí rẹ̀ kí ẹ tó dùbúlẹ̀. Ẹ sì máa tọ́jú owó díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́, iye yòówù tí agbára yín bá gbé, fún àyẹ̀wò ara nìkan. Ẹ má jẹ́ kí owó ilé ìwé tàbí ti òde fọwọ́ kàn án. Nínú àjọ, owó ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ ti alájọ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ọjọ́ kan bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ kà á sí ti alájọ, kí ẹ sì sàmì sí ti ọ̀la.